Ṣéènì Tí Kò Bá Ahọ́n Ayùn Mu

Ìgbà kẹta rèé tí Zumrad ń ka ẹsẹ̀ ṣéènì náà, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin náà ló tún bá.

Ó tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí tábìlì bí ejò tí wọ́n ti pa. Ṣéènì ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni. Àwọn ọlọ́pàá rí i nínú koríko lẹ́bàá kùkùté igi àsálà tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú igbó Kattajar. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo abúlé sọdá odò lọ sìnkú, ẹnì kan gé igi náà lulẹ̀. Ó gé kókó ńlá tó wà nídìí rẹ̀, kókó tó tó ikùn màlúù tó lóyún, tí àwọn oníṣòwò ń fi owó ńlá rà, ó sì gbé e lọ. Igi àsálà tútù kò ṣeé gé lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá gé e, ẹ̀wọ̀n ni.

Ọkùnrin tí wọ́n mú jókòó níwájú rẹ̀. Rahmatilla lorúkọ rẹ̀, ẹni ogójì ọdún ni, ìpín igbó rẹ̀ ni igi náà wà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tó wà ní mọ́sálásí.

"Rahmatilla, ta ló ni ṣéènì yìí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?"

"Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lọ eyín rẹ̀. Ṣé kí n wá sọ pé n ò mọ̀ ọ́n ni?"

Zumrad wo ojú rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sì tíì rí olè tó ń fi tọkàntọkàn fa ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ra báyìí.

"Ahọ́n ayùn rẹ ńkọ́? Báwo ló ṣe gùn tó?"

Ahọ́n ni wọ́n ń pe irin pẹlẹbẹ tó yọ jáde lára ẹ̀rọ, tí ṣéènì ń sáré yí ká.

"Àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà."

"Àádọ́rin. Ó dá ẹ lójú?"

"Gbogbo Kattajar ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ahọ́n tó gùn tó tèmi lábúlé wa."

Zumrad ṣí ìwé kékeré tó máa ń mú rìn. Ó ti da gbogbo iye wọ̀nyí kọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, nítorí kò fẹ́ràn kí òun máa bi èèyàn ní ohun tí òun lè mọ̀ fúnra òun. Ahọ́n kọ̀ọ̀kan ní iye ẹsẹ̀ tí ṣéènì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní, ìyẹn àwọn irin kéékèèké tó ń sáré nínú ojú ihò ahọ́n. Bí ẹsẹ̀ bá dín, ṣéènì kò ní í dé orí. Bí ó bá lé, yóò rọ̀ dẹ̀ǹgẹ̀ bí ìgbànú arúgbó. Fún irú ṣéènì yìí, ahọ́n àádọ́rin ń fẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ti ahọ́n ọgọ́ta ni.

"Ṣéènì yìí kò lè wọ ahọ́n rẹ."

"Ó ń wọ̀ ọ́."

"Mo ní kò lè wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún kẹta rèé tó ti ń wọ̀ ọ́."

Orí Zumrad dàrú. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin yìí ń parọ́, irọ́ wo ló wúlò fún un níbẹ̀? Bí ó sì jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, òótọ́ méjì kì í pàdé kí wọ́n máa lu ara wọn.

"Báwo ló ṣe dé inú koríko?"

"N ò mọ̀. Mo ti gbé e kọ́ láti oṣù tó kọjá."

"Gbé e kọ́ síbo?"

"Sí ilé ẹ̀ṣọ́ igbó. Tí èèpo àsálà bá ti ń sán, gbogbo ilé ló ń tú ṣéènì wọn. A ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a ó gbé e kọ́ sórí ìṣó lábẹ́ ìgbátí òrùlé, ó di ìgbà tí a bá kórè tán. Ayùn kì í ké lórí ẹni tó ń ṣa àsálà."

"Ta ló ń ṣọ́ wọn?"

Rahmatilla fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ máa ṣọ́ níbẹ̀? Ṣé ẹ lè fi orín ẹlòmíràn rin eyín ni? À ń yá ara wa ní ẹ̀rọ, a kì í fọwọ́ kan ṣéènì ẹlòmíràn."

Zumrad gbé ṣéènì náà sí imú. Kẹrosíìnì ló ń rùn. Ó fi aṣọ funfun nu eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òróró lásán ló bá a jáde. Omi igi àsálà máa ń sọ irin di dúdú bí aró, gbogbo ẹni tó bá ti bó èèpo rẹ̀ rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Eyín wọ̀nyí ń dán. Ibi tí ṣéènì ti já pẹ̀lú kò ya. Ẹnì kan ló fi òòlù lu píìnì rẹ̀ jáde.

"Ìyàwó mi ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" Rahmatilla béèrè lójijì. "Wọ́n ń pín ìpín igbó lónìí, lẹ́yìn ìrun Alaasari. Ẹni tó bá wà ní àtìmọ́lé, ìpín rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àsálà yẹn là ń jẹ títí di ìgbà ìrúwé. A ò ní nǹkan mìíràn."

Zumrad dìde. Kì í ṣèlérí ohun tí kò tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, Anvarbek, ń dúró dè é pẹ̀lú fáìlì.

"Ó ní òun ló ni ín, Zumrad. Kí lo tún ń wá? Àbí o fẹ́ kó kọ ọ́ lórin ni?"

"Ṣéènì yìí kò gé igi kankan, ọ̀gá."

"Wọ́n rí i nídìí igi."

"Tí wọ́n bá rí bàtà létí odò, kò ní kó jẹ́ bàtà ló lúwẹ̀ẹ́."

"Aago mẹ́rin ni fáìlì ń lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba. Tí o bá ní ohun tó sàn jù, gbé e wá kó tó di ìgbà yẹn."

*

Wákàtí méjì ni ọkọ̀ fi gun òkè dé Kattajar. Ilé ẹ̀ṣọ́ igbó wà ní ẹnu ọ̀nà abúlé, ilé pákó onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ilé ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kamoliddin, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́, ti jáde kí Zumrad tó pa ẹ́ńjìnnì. Láti ìlú ńlá ni wọ́n ti gbé e wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, lẹ́yìn tí Mamasoli, ẹ̀ṣọ́ àtijọ́, kú. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kola rẹ̀ le.

"Ọ̀gá Zumrad! Ẹ káàbọ̀. Tíì ti gbóná. Ẹ jẹ búrẹ́dì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ààrò ni."

"Ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí àwọn ìṣó."

Ìṣó mọ́kàndínlógún ni, ṣéènì kọ́ sórí wọn, òróró ń kán láti ara wọn sórí ìyẹ̀pẹ̀. Ìṣó méjì ṣófo.

"Ti Rahmatilla rèé," ni Kamoliddin wí. "Àárọ̀ Jímọ̀ ni mo rí i pé ó ti yọ ọ́."

"Ẹ kò bi í?"

"Mo rò pé ó fẹ́ lọ eyín rẹ̀ ni. Ìwà rere ni mo máa ń kọ́kọ́ rò sí èèyàn."

"Èkejì yìí ńkọ́?"

"Ti Sotvoldi, káfíńtà. Ẹ má da ara yín láàmú lórí ìyẹn, tirẹ̀ kò lè dé ibẹ̀." Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan jáde, ó ṣí i sí ojú ewé tí òǹtẹ̀ pupa wà. "Ẹ wò ó. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lábúlé yìí ló wà níbí, àti gígùn ahọ́n wọn. Igi tí wọ́n gé fẹ̀ tó àádóje sẹ̀ǹtímítà. Tí wọ́n bá fẹ́ gé e láti apá méjì kí ayùn pàdé láàárín, ahọ́n gbọ́dọ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ márùndínláàádọ́rin. Rahmatilla, àádọ́rin. Sotvoldi, márùndínlọ́gọ́ta. Àwọn yòókù, àádọ́ta sísàlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ọ̀gá. Ìwé kì í ṣe ojúsàájú."

Ìṣirò náà gún régé. Zumrad yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kò rí àlébù kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò lélẹ̀. Bí ahọ́n Rahmatilla bá jẹ́ àádọ́rin, ó lè gé igi náà, ṣùgbọ́n ṣéènì yẹn kọ́ ló fi gé e. Bí ṣéènì yẹn bá sì jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́, ahọ́n rẹ̀ kò lè jẹ́ àádọ́rin. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò jókòó síbì kan.

"Ẹ̀rọ Rahmatilla fúnra rẹ̀ dà?"

"Mo tì í mọ́ inú ahéré rẹ̀, mo lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn. Ṣéènì ni àwọn ọlọ́pàá gbé lọ."

"Ta ló wọn ahọ́n rẹ̀?"

Kamoliddin tọ́ka sí ìwé. "Wọ́n ti wọ̀n ọ́n."

Wọ́n gbé ọkùnrin, wọ́n gbé ṣéènì, wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sílé. Zumrad gbé tépù rẹ̀, ó jáde.

*

Ìsọ̀ Sotvoldi kún fún lẹ́búlẹ́bú igi aláwọ̀ ilẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi àsálà ni, ó kúnná bí ìyẹ̀fun. Bàbá náà fẹ́ bo ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí Zumrad wọlé, ó pẹ́ jù.

"Bàbá, ìṣó yín ṣófo."

"Ọmọ mi, jókòó."

"N ò jókòó. Igi àsálà wo lẹ là?"

"Ilẹ̀kùn bàbá mi ni! Ilẹ̀kùn àtijọ́ tí kòkòrò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpótí ìyàwó ni mo ń fi ṣe fún àbíkẹ́yìn mi. Ọjọ́ kẹwàá òní ni ìgbéyàwó. Mo dẹ̀ mọ̀ pé mo rú ìlànà. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Egamberdi tó ń pín igbó gbọ́. Bàbá yẹn á fi mí ṣe ìwàásù fún ọdún kan gbáko."

"Lẹ́búlẹ́bú yìí kúnná jù. Ṣéènì yín ti kú?"

Ojú Sotvoldi le. O lè pè é ní arúfin. Má pe ṣéènì rẹ̀ ní kúmọ̀.

"Kí ló kú? Ṣéènì ìlapákó nìyí! Èyí tí wọ́n fi ń gé igi dábùú, wọ́n máa ń lọ eyín rẹ̀ dagun, á máa ju ẹ̀rún ńláńlá síta. Èyí tí mo fi ń la igi ní gbọọrọ, mo lọ eyín rẹ̀ tọ́ gan-an, ìyẹ̀fun ló ń tú. Tí mo bá fi gé igi tó dúró, Ọ̀gá Ọlọ́pàá, a ó wà níbẹ̀ títí òjò dídì á fi rọ̀."

"Àti ahọ́n yín?"

"Márùndínlọ́gọ́ta. Mi ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ahọ́n gígùn kì í ṣe ọlá. Ẹ́ńjìnnì mi kéré. Tí mo bá so gígùn mọ́ ọn, á máa kérora bí arúgbó tó gbé àpò ìyẹ̀fun. Igi tí mo bá máa gé ni mo fi ń yan ahọ́n, kì í ṣe ìgbéraga."

Zumrad na tépù lé ahọ́n náà, láti ibi tó ti yọ lára ẹ̀rọ títí dé ṣóńṣó rẹ̀.

"Márùndínláàádọ́ta ni."

"Márùndínlọ́gọ́ta ni."

"Bàbá, ẹ wo tépù."

"Ìwọ ni kó o wò ó dáadáa!" Sotvoldi tú nọ́ọ̀tì méjì, ó fa ahọ́n náà yọ. Ìdí rẹ̀ tó fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó wọ̀n ọ́n láti ìdí dé ṣóńṣó. Márùndínlọ́gọ́ta géérégé. "Tàbí ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé ìdí rẹ̀ kì í ṣe ara rẹ̀ ni? Ìgbà tí mo ra ṣòkòtò, ṣé mo yọ ibi tí mo ń jókòó lé kúrò ni?"

Zumrad dúró láìmira.

"Ṣé bí gbogbo ènìyàn Kattajar ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí?"

"Báwo la ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n? Orí ẹní ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ní ọjà. Odindi là ń rà, odindi là ń wọ̀n."

"Mamasoli, tó kọ ìwé àkọsílẹ̀?"

"Ọmọ ìyá àgbà mi ni. Orí pákó yìí gan-an ló ti wọn tèmi."

Nítorí náà, àádọ́rin Rahmatilla jẹ́ ọgọ́ta nínú igi. Ṣéènì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin yẹn sì wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ọkùnrin náà kò parọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n inú Zumrad kò dùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń ya Rahmatilla nípa kúrò lára ṣéènì náà ni àìbáramu yẹn. Ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá wọn mu báyìí. Ó gun òkè wá láti ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó jọ pé ó ti tì í pa.

Ó jókòó sórí ìtì igi, lórí lẹ́búlẹ́bú yẹn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé kò sí wàhálà?" Sotvoldi béèrè jẹ́jẹ́.

"Ẹ dákẹ́, bàbá. Mo ń ronú."

Ọgọ́ta láti apá ọ̀tún. Ọgọ́ta láti apá òsì. Ọgọ́fà ni. Igi náà sì jẹ́ àádóje.

Ó dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí kùkùté."

*

Oyniso, ìyàwó Rahmatilla, ló fa bébà Kamoliddin ya kúrò lára ilẹ̀kùn ahéré, lójú Zumrad àti ní àṣẹ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀ lé èjìká, ó gun òkè níwájú wọn láìsinmi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ló lù?"

"Aago méjì kọjá díẹ̀."

"Alaasari ti ń bọ̀ nìyẹn."

Àwọn èèyàn ti ń kóra jọ sábẹ́ àwọn igi náà fún ìpín. Nígbà tí wọ́n rí obìnrin tó gbé ayùn, tí ọlọ́pàá àti káfíńtà tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ̀ lé wọn.

Kùkùté náà fẹ̀ bí tábìlì tí èèyàn mẹ́wàá lè jókòó yí ká. Ojú rẹ̀ ti ń dúdú. Ìlà tín-ín-rín kan la àárín rẹ̀ kọjá, níbi tí gígé apá ọ̀tún ti pàdé ti apá òsì. Ọ̀kan fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ. Zumrad na tépù. Márùndínláàádọ́rin láti èèpo dé ìlà, lápá méjèèjì.

"Gbé e lé e, Oyniso."

Oyniso gbé ẹ̀rọ náà ti èèpo igi, ahọ́n rẹ̀ nà sórí kùkùté. Ṣóńṣó rẹ̀ kò dé ìlà. Ó ku ìka mẹ́ta tó nípọn. Wọ́n gbé e lọ sí apá kejì. Bákan náà.

"Ó ku mẹ́wàá láàárín," ni Zumrad wí. "Bí ayùn yìí bá gé igi yìí, ọkàn igi ìbá ṣẹ́kù láìgé, ìbá ya nígbà tí igi ń ṣubú, okùn rẹ̀ ìbá dúró ṣánṣán níbí. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Sotvoldi fọwọ́ kàn án. Ó dán bí àwo. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. "Tó bá gún un láyà ńkọ́? Agégi tó mọṣẹ́ lè gé ẹnu fún igi níwájú, kó ti ẹnu yẹn fi ṣóńṣó ahọ́n gún ọkàn rẹ̀. Mo ti rí i rí."

Ìbéèrè gidi ni. Zumrad kúnlẹ̀ níwájú kùkùté. Láàárín ẹnu igi àti ibi tí wọ́n gé láti ẹ̀yìn, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, èyí tó ń di igi mú kó má baà ṣubú gbàgàdà. Ṣéènì tó bá gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ fi ihò sílẹ̀. Ó fi ìka tọ̀ ọ́. Okùn igi dúró lórí rẹ̀ bí irun ìgbálẹ̀, láìsí àlàfo kankan.

"Kò sẹ́ni tó gún un."

"Ó dáa," ni Sotvoldi wí, "kì í ṣe Rahmatilla nìyẹn."

"Kì í ṣe òun kẹ̀! Ta ni?" ẹnì kan kígbe. "Ahọ́n ta ló wá gùn ju tirẹ̀ lọ?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Zumrad náà kò mọ̀, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan.

Ìgbà yẹn ni Kamoliddin dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ta ló fún yín láṣẹ láti ya bébà mi? Kí ni eré yìí?"

"A ń wọn ahọ́n ni," Zumrad dáhùn. "Ọgọ́ta ni."

"Àádọ́rin ni!"

"Ẹ wò ó fúnra yín."

"Mo ní àádọ́rin ni! Ó wà nínú ìwé! Àádọ́rin ló tó láti gé igi yìí, mo ti ṣírò rẹ̀ dáadáa!"

Ẹ̀rín bú jáde. Obìnrin kan di ikùn mú. "Ẹ gbọ́ ará ìlú ńlá! Ìdí ahọ́n ló fẹ́ fi gé igi!"

"Ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ ayùn," ni ẹlòmíràn wí. "Ẹ fún un ní ọ̀bẹ, kó máa ṣọ́ àlùbọ́sà."

Zumrad nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọkùnrin náà, gbogbo ohun tó dàrú láti àárọ̀ sì ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gbẹ́ni Kamoliddin, ìgbà wo lẹ ṣírò rẹ̀?"

"Kí ni?"

"Ṣáájú kí igi tó wó ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Kamoliddin wo kùkùté.

"Ẹni tó ju ṣéènì yẹn sínú koríko fẹ́ ká gbà pé Rahmatilla ló gé igi. Kò sí ọmọ Kattajar kan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé àádọ́rin rẹ̀ kì í kọjá ọgọ́ta nínú igi, wọn ò ní fi ọ̀ràn igi tó fẹ̀ báyìí kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tó lè ṣe é ni ẹni tó gbára lé ìwé, tí kò wọn ahọ́n rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun kan náà ló ń kọ ẹ̀rọ tó bá wọ abúlé sílẹ̀. Bí tirẹ̀ bá wọlé, ta ni yóò kọ ọ́?"

"Àlá lẹ ń lá. Ẹ mú ẹ̀rí wá."

"Ilé ìjọba ni ilé ẹ̀ṣọ́. N kò nílò ìwé láti wo inú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀."

Nínú ilé ẹṣin, lẹ́yìn koríko gbígbẹ, wọ́n rí ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n fi ẹní irun àgùntàn wé. Zumrad wọn ahọ́n rẹ̀ láti ibi tó ti yọ lára ẹ̀rọ: márùndínlọ́gọ́rin. Eyín ṣéènì rẹ̀ dúdú bí aró.

Kamoliddin jókòó sórí ìdì koríko. Ó ní ọkọ̀ kan ló wá gbé kókó náà lálẹ́ Jímọ̀, ó ti kọjá ààlà. Nígbà tí Zumrad bi í ní ìdí tí kò fi kọ́kọ́ wọn ahọ́n Rahmatilla, ó wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè.

"Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀," ni ó wí.

*

"Ọgọ́ta?" ni Anvarbek ń pariwo lórí fóònù. "Ìwé ní àádọ́rin!"

"Ìwé ṣì í, ọ̀gá. Mo ní ẹ̀rọ tó gé igi, mo ní ẹni tó gé e. Ẹ tú Rahmatilla sílẹ̀."

"Màá tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dé ọ̀dọ̀ yín ṣáájú ìrọ̀lẹ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó mọ̀. Wọ́n ti ń tẹ́ ẹní ìrun lábẹ́ igi. Zumrad fa ewé kan ya nínú ìwé kékeré rẹ̀, ó kọ ìlà mẹ́rin sí i pé Rahmatilla kọ́ ló gé igi náà, ó bu ọwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn ìrun, Bàbá Egamberdi, àgbà tó ń pín igbó, dúró pẹ̀lú ìwé orúkọ. Ó ń pe ìpín, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ń dáhùn, àwọn ìdílé ń gbé àpò wọn, wọ́n ń lọ.

"Ìpín kẹrìnlá."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wúkọ́, ó sún síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìpín náà.

"Mo gbọ́," ni Oyniso wí.

Bàbá Egamberdi gbé ojú sókè. "Ọkọ rẹ dà?"

"Wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ó wà lójú ọ̀nà."

"Ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò tíì dé, ọmọ mi. Ìlànà ni."

Zumrad na ìwé náà sí i. Bàbá mú un jìnnà sí ojú, ó kà á, ó yí i sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú.

"Òǹtẹ̀ dà?"

"Kò ní òǹtẹ̀, bàbá. Ohun tó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló rí i lórí kùkùté."

"Ta ló rí i?"

Sotvoldi ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó di ikùn mú. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n mọ́. Ọkùnrin tó wúkọ́ pàápàá gbé tirẹ̀ sókè, ó wo ilẹ̀.

Bàbá Egamberdi ká ìwé náà, ó fi sínú fìlà rẹ̀.

"Ìpín kẹrìnlá, ilé Rahmatilla. Igi mọ́kàndínlógún."

"Méjìdínlógún," ni Oyniso wí. "Ọ̀kan ti di kùkùté."

Bàbá wò ó. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó fa ìlà sórí iye náà, ó kọ òmíràn. Oyniso dúró títí ó fi kọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò mẹ́ta kọ́ apá, ó gba àárín àwọn igi lọ, kò dúró de ẹnikẹ́ni.